Ọjọ́ Tí Yìnyín Ń Dé àti Ọjọ́ Tí Ó Ń Lọ: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Àwọn Ẹ̀dá Òkun ní Ìpẹ̀kun Ayé

Alága ìjókòó yìí, ẹ̀yin olùkọ́ wa àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Ẹ kú àpéjọ, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Àwọn tó ṣètò ìpàdé wa ní kí n sọ̀rọ̀ nípa yìnyín tó ń yọ́ lójú òkun ní ìpẹ̀kun àríwá àti ìpẹ̀kun gúúsù ayé, àti ohun tí yíyọ́ náà ń fi ojú àwọn ẹ̀dá inú òkun rí.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá gbọ́ pé yìnyín ń yọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé ooru ń pa béárì funfun, tàbí pé ibi tí àwọn ẹranko náà ń tẹ̀ ń tán lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì kù. Yìnyín orí òkun kì í wà lójú kan láti ọdún dé ọdún. Ó máa ń dì, ó máa ń gbòòrò nígbà òtútù, ó sì máa ń yọ́ sẹ́yìn nígbà ooru. Wíwá rẹ̀ àti lílọ rẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ gbára lé láti mọ ìgbà tí wọn yóò bímọ, ìgbà tí wọn yóò jẹun yó, àti ìgbà tí wọn yóò fi ebi pa ara wọn mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè kan náà ni n óò máa bi nípa gbogbo ẹranko tí a bá dárúkọ: ìgbà wo ló nílò yìnyín, ìgbà wo sì ni yìnyín ń fi í sílẹ̀ báyìí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ yìnyín náà

Omi tí kò ní iyọ̀ máa ń dì bí ó bá ti tutù dé òdo lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí omi òkun tètè dì bẹ́ẹ̀; ó di ìgbà tí òtútù bá mú un dé nǹkan bí 1.8 sí ìsàlẹ̀ òdo. Bí ó sì ti ń dì, bẹ́ẹ̀ ló ń ti iyọ̀ jáde kúrò lára. Iyọ̀ náà kì í jáde tán. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń há sínú yìnyín, á di omi oníyọ̀ líle tó ń gba inú àwọn ihò tín-ín-rín kọjá, inú àwọn ihò wọ̀nyí gan-an sì ni àwọn ewéko tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ń gbé. Wọ́n tún máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ yìnyín. Bí a bá yí ègé yìnyín òkun kan dojú dé nígbà ìrúwé, òkè rẹ̀ á funfun gbòò, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ewéko ti bò ó pátá. Ẹ fi àbẹ́ rúsúrúsú yẹn sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Ohun kejì ni pé ìpẹ̀kun méjèèjì kò rí bákan náà. Ní àríwá, òkun ni ilẹ̀ yí ká, òun ni Òkun Árktìkì. Ní gúúsù, ilẹ̀ ni òkun yí ká, òun ni Antárktìkà. Béárì funfun kò sí ní gúúsù rárá, pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ òkun tí kì í fò, kò sì sí ní Árktìkì. Àwòrán tí a máa ń rí, níbi tí béárì funfun àti pẹ́ńgúìnì ti jọ jókòó lórí yìnyín kan, ọwọ́ ayàwòrán nìkan ló ti lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, yìnyín tí à ń wí yìí, orí omi ló ti dì, orí omi náà ló sì ń léfòó sí. Kò jọ òkìtì yìnyín orí ilẹ̀ Greenland tàbí ti Antárktìkà. Bí ti orí ilẹ̀ bá yọ́ wọ òkun, òkun á kún. Èyí tó ti ń léfòó tẹ́lẹ̀ kì í fi nǹkan kan tó ṣe é fojú rí kún omi bí ó bá yọ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀sùn kíkún òkun kan yìnyín orí òkun, ẹlẹ́ṣẹ̀ kọ́ ló mú. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ wà níbòmíràn.

Báwo ló ti ń dínkù tó? Láti 1979 ni sátẹ́láìtì ti ń wò ó láti òkè láìdáwọ́ dúró. Oṣù Kẹsàn-án ni yìnyín Árktìkì máa ń kéré jù lọ lọ́dún. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, ohun tó máa ń kù nínú oṣù náà kì í jìnnà sí mílíọ̀nù méje kìlómítà níbùú lóòró. Ní 2012, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 3.4, kò sì tíì sí ọdún tó kéré tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí sátẹ́láìtì ti ń kà á. Ọ̀rọ̀ ti gúúsù yàtọ̀, mi ò sì fẹ́ kí a bò ó mọ́lẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, yìnyín ibẹ̀ kò dínkù, kódà ó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di 2014, àwọn kan sì ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láti 2016 ló ti já wálẹ̀ lójijì. Nínú oṣù Kejì ọdún 2023, ó kù sí nǹkan bí mílíọ̀nù 1.8 kìlómítà níbùú lóòró, èyí tó kéré jù lọ nínú gbogbo àkọsílẹ̀ sátẹ́láìtì. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Kí ló mú kí yíyọ́ náà máa yára? Yìnyín tí òjò dídì bò máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú ọ̀run. Omi òkun tó ṣókùnkùn kì í dá ju díẹ̀ lọ padà. Ó ń gbé ooru náà mì ni. Nítorí náà, ibi tí yìnyín bá ti yọ́ lónìí ni omi yóò ti móoru lọ́la, omi tó bá sì móoru á pẹ́ kí ó tó dì nígbà òtútù tó ń bọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti 1979, ooru Árktìkì ti fi ìlọ́po tó sún mọ́ mẹ́rin yára ju ti gbogbo ayé lápapọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ yìnyín, ibi tí oúnjẹ ti ń wá

Mo ní kí ẹ fi àbẹ́ rúsúrúsú nì sọ́kàn. Ní Árktìkì, oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù. Bí ó bá padà dé nígbà ìrúwé, tí yìnyín ṣì bo òkun, àwọn ewéko abẹ́ yìnyín ló máa ń kọ́kọ́ hù. Àwọn kòkòrò òkun kéékèèké á wá jẹ ẹ́, wọ́n á sì fi ọ̀rá rẹ̀ pamọ́ sára. Ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀dù Árktìkì á wá máa jẹ àwọn kòkòrò náà. Ẹja yìí ní èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òtútù sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di yìnyín. Abẹ́ yìnyín ni ẹyin rẹ̀ ń léfòó sí títí yóò fi pa, àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa ń sá pamọ́ sáàárín àwọn pàlàpálá yìnyín. Òun ni síìlì, ẹran òkun tó ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, ń jẹ, òun ni àwọn àbùùbùtán kan ń jẹ, òun ni ẹyẹ òkun ń gbé lọ fún ọmọ.

Ó dára. Bí yìnyín bá wá fọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú àkókò ńkọ́? Ìgbà tí ewéko abẹ́ yìnyín fi ń hù á kúrú. Ìmọ́lẹ̀ á tètè wọ inú omi gbalasa, ewéko inú omi á tètè pọ̀, á sì tètè tán. Kòkòrò tó ti ń retí oúnjẹ ní àkókò rẹ̀ látayébáyé lè jí, kí ó bá a pé oúnjẹ ti kọjá. Kì í ṣe pé oúnjẹ kò sí nínú òkun lọ́dún náà. Ó wà, ó kàn jẹ́ pé kò dé lọ́jọ́ tí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ wà nílé. Bí ìgbín bá sì fà, ìkarahun á tẹ̀ lé e: ohun tó bá ṣe kòkòrò á ṣe ẹja, ohun tó bá ṣe ẹja á ṣe síìlì.

Ní gúúsù, krill ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ẹ̀dá tó jọ edé ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n àbùùbùtán ńláńlá, síìlì àti pẹ́ńgúìnì ló ń jẹ ẹ́ yó. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ọmọ krill kò ní ọ̀rá tó pọ̀ lára tí yóò fi dúró de ìgbà ooru, nítorí náà abẹ́ yìnyín ló máa ń wà, tí yóò máa ha ewéko ibẹ̀ jẹ. Yìnyín tó bá pẹ́ dì, ọmọ krill ló kọ́kọ́ ń fi ebi gbà á.

Síìlì àti béárì

Síìlì kan wà tí àmì òrùka wà lára rẹ̀, òun sì ni ó kéré jù nínú àwọn síìlì Árktìkì. Ó máa ń fi èékánná ha yìnyín kí ihò tó fi ń mí má bàa dí ní gbogbo ìgbà òtútù. Tí òjò dídì bá ti kó jọ gègèrè sórí ihò náà, ìyá síìlì á gbẹ́ ihò gòkè wọ inú rẹ̀, á fi ṣe yàrá kékeré, ibẹ̀ ni yóò sì bímọ sí ní nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin. Ọmọ náà kò tíì ní ọ̀rá lára. Irun funfun gbọ̀gbọ̀rọ̀ ló fi ń móoru, irun yẹn kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí omi bá rin ín. Ó nílò yàrá yẹn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìbéèrè wa rè é: ṣé yìnyín ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà? Bí yìnyín bá pẹ́ dì nígbà òtútù, òjò dídì tí ì bá kó jọ sórí rẹ̀ á ti bọ́ sínú omi. Bí òjò lásán bá rọ̀ nígbà ìrúwé dípò òjò dídì, òrùlé yàrá á wó. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Síìlì kò kúkú ní ohun mìíràn tí ó lè fi kọ́lé. Ọmọ tó bá kù síta, òtútù lè pa á, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè pa á, béárì sì ń bọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún béárì. Béárì funfun, tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ ẹran òkun nítorí pé òkun ló ti ń jẹun, kì í lè lé síìlì bá nínú omi. Orí yìnyín ló ti ń lúgọ síbi ihò, àárín ìrúwé sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, nígbà tí ọmọ síìlì pọ̀ tó sì sanra, ló sì ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí yóò fi gbé ọdún já. Ní ìwọ̀-oòrùn Hudson Bay ní Kánádà, níbi tí yìnyín ti ń yọ́ tán lọ́dọọdún, béárì máa ń gòkè sórí ilẹ̀, á sì máa gbààwẹ̀ títí omi yóò fi tún dì nínú oṣù Kọkànlá. Ààwẹ̀ kì í ṣe tuntun fún un. Aboyún inú wọn lè gbà á fún oṣù mẹ́jọ. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ààwẹ̀ náà ti fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin gùn ju bí ó ti rí láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989 lọ. Béárì tó ń gbààwẹ̀ ń pàdánù nǹkan bí kìlógíráàmù kan lójúmọ́, ọ̀rá tí ìyá bá sì pàdánù ni wàrà tí ọmọ kò ní rí mu. Ní 1987, béárì nǹkan bí 1,200 ló wà ní agbègbè náà. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2021, 618 ni wọ́n fojú díwọ̀n.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan níbí ti ń sọ lọ́kàn pé, kí ló dé tí wọn kò jẹ nǹkan mìíràn lórí ilẹ̀? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, àwọn olùwádìí sì ti dán an wò. Ní ìwọ̀-oòrùn Hudson Bay kan náà, wọ́n so kámẹ́rà mọ́ ọrùn béárì 20 nígbà ààwẹ̀. Béárì kan á dùbúlẹ̀ láìmira, òmíràn á máa ká èso igbó, òmíràn á máa jẹ ẹyẹ àti egungun ẹran tó ti kú, àwọn kan tilẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ jìnnà láti wá oúnjẹ kiri. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n padà, 19 nínú 20 ló ti fọn. Agbára tí èyí tó ń wá oúnjẹ fi ń rìn ló ń jẹ ohun tó rí jẹ.

Ní ti lílúwẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba abo béárì kan tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tọpa rẹ̀ ní òkun Beaufort, ní àríwá Aláskà, ní 2008. Nítorí pé yìnyín ti jìnnà sí èbúté, ó lúwẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láìdúró, kìlómítà 687. Ó yè é. Nígbà tí wọ́n tún rí i, ó ti pàdánù ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì sí pẹ̀lú rẹ̀ mọ́.

Walrus: ẹran ńlá tó ń wá ibi ìsinmi

Walrus ni ẹran ńlá onírungbọ̀n tí eyín gígùn méjì yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ló ti ń wá ìṣáwùrú àti ìgbín òkun jẹ, omi tí kò jìn jù ló sì bá a lára mu. Ní òkun Chukchi, láàárín Aláskà àti Rọ́ṣíà, yìnyín máa ń wà lórí omi tí kò jìn yìí nígbà ooru; ìyá á gbé ọmọ sórí rẹ̀, á wọ omi lọ jẹun, á padà wá fún un lọ́mú, yìnyín náà á sì máa gbé wọn lọ sí ibi tí oúnjẹ tuntun wà.

Ní báyìí, kí ìgbà ooru tó parí, yìnyín ti máa ń sún sẹ́yìn lọ sórí ibi tí òkun ti jìn kọjá ohun tí walrus lè bẹ́ sí. Èwo ni kí ó ṣe? Bí ó bá tẹ̀ lé yìnyín, ebi ni. Bí ó bá lọ sí èbúté, èrò ni. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, nǹkan bí 35,000 walrus ló kó jọ sí etíkun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé Point Lay ní Aláskà. Ẹ wo ẹran tí òmíràn nínú wọn wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, tí wọ́n fara kínra, tí ọmọ wẹ́wẹ́ sì há sáàárín. Bí ọkọ̀ òfurufú bá fò kọjá nílẹ̀, tàbí tí béárì bá yọjú, gbogbo wọn á rọ́ gìrì wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á sì tẹ àwọn ọmọ pa. Ìdí nìyí tí àwọn ará abúlé náà fi bẹ àwọn oníròyìn pé kí wọ́n má wá wòran. Ẹ̀bẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni, lójú tèmi.

Pẹ́ńgúìnì emperor: ibi tí ọjọ́ ti ṣe pàtàkì jù

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ má gbàgbé ẹyẹ yìí, nítorí pé ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ti hàn kedere jù. Pẹ́ńgúìnì emperor ló tóbi jù nínú gbogbo pẹ́ńgúìnì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé orí yìnyín òkun tó so mọ́ èbúté nìkan ló ń bímọ sí. Abo á yé ẹyin kan ṣoṣo ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí Kẹfà, ní ojú òtútù ti gúúsù gan-an, nígbà tí àríwá ń móoru, á gbé e lé akọ lọ́wọ́, á sì padà sí òkun lọ jẹun. Akọ á gbé ẹyin náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi awọ ikùn bò ó, á sì dúró bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì láìjẹun. Bí ẹyin bá pa, ọmọ á wà lórí yìnyín títí di nǹkan bí oṣù Kejìlá, nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ tí omi kì í rin yóò tó hù tán.

Ṣé ẹ rí ìṣirò náà? Yìnyín gbọ́dọ̀ dì mọ́lẹ̀ gbọin láti nǹkan bí oṣù Kẹrin, kó sì dúró títí oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní. Kò sí ohun tí yóò ṣe pẹ́ńgúìnì bí yìnyín bá fọ́ lọ́jọ́ tí ìyẹ́ ọmọ ti pé. Ọmọ á kàn bẹ́ sínú omi ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ìyẹ́ rírọ̀ ọmọ náà á mu omi, á rì tàbí kí òtútù pa á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òkun Bellingshausen, létí Antárktìkà, ní 2022 nìyí. Ibi márùn-ún ni àwọn ẹyẹ yìí ń bímọ sí ní agbègbè náà. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ British Antarctic Survey ń ṣọ́ wọn nínú àwòrán sátẹ́láìtì. Wọn kì í sì í sábà rí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, ìgbẹ́ wọn tó pọ́n rúsúrúsú lórí yìnyín funfun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n wà. Kí ọdún náà tó parí, yìnyín ti fọ́ ní mẹ́rin nínú ibi márùn-ún ọ̀hún, kí ìyẹ́ àwọn ọmọ tó hù. Erékùṣù Rothschild nìkan ni ọmọ ti yè. Ṣáájú ìgbà náà, ní Halley Bay tó jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù láyé, yìnyín fọ́ láìtọ́jọ́ ní 2016, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ kan tó yè fún ọdún mẹ́ta léra.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má sọ ju bí ó ti rí lọ. Àwọn àgbà ẹyẹ Halley Bay kò kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó lọ sí ibòmíràn tí kò jìnnà. Pẹ́ńgúìnì emperor lè lò tó ogún ọdún láyé, nítorí náà bí ọmọ ọdún kan bá ṣòfò, a ṣì lè sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ohun tó ń ba àwọn onímọ̀ lẹ́rù ni kí irú ọdún bẹ́ẹ̀ máa tẹ̀ léra, kí ibi tí wọ́n lè kó lọ sì máa dínkù. Ìjọba Amẹ́ríkà kà wọ́n mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ní 2022.

Ṣé gbogbo wọn ló ń pàdánù?

Rárá, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń ṣe àsọdùn. Àbùùbùtán bowhead, tó lè lò ju igba ọdún lọ láyé, ń pọ̀ sí i ní etíkun Aláskà, oúnjẹ tó pọ̀ nínú omi tó ṣí sílẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Àbùùbùtán apẹran, tí lẹ́bẹ́ gíga ẹ̀yìn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó fẹ́ràn yìnyín, ti ń wọ ibi tí kò lè wọ̀ tẹ́lẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni ìdààmú narwhal, irú àbùùbùtán Árktìkì mìíràn, tó ń sá mọ́ etíkun nítorí rẹ̀. Ní apá ìwọ̀-oòrùn Antarctic Peninsula, apá ilẹ̀ Antárktìkà tó yọ gbọọrọ sínú òkun, pẹ́ńgúìnì gentoo tí kò nílò yìnyín ń gba ibi tí pẹ́ńgúìnì Adélie tó nílò rẹ̀ ń fi sílẹ̀.

Kí ni a ti ṣe, kí ló sì kù?

Ní 1973, Kánádà, Denmark, Nọ́wè, Amẹ́ríkà àti Soviet Union fọwọ́ sí àdéhùn ní ìlú Oslo láti dáàbò bo béárì funfun. Ìbọn ló ń dínkù wọn nígbà náà, àdéhùn náà sì ṣiṣẹ́ fún ìbọn. Ní 2018, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tún fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní fi ọkọ̀ ńlá pẹja fún títà ní àárín gbùngbùn Òkun Árktìkì; ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2021, ọdún 16 ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Mo fẹ́ràn èyí, nítorí pé kí ọkọ̀ kankan tó débẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Igi gànnrànnganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ṣùgbọ́n kò sí àdéhùn ìṣọdẹ tàbí ti ìpẹja tó lè pàṣẹ fún yìnyín pé kí ó dúró di oṣù Kejìlá. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí à ń tú sókè láti inú epo, èédú àti gáàsì ló ń sọ ọjọ́ tí yìnyín yóò lọ. Ìṣirò kan tí àwọn olùwádìí gbé jáde ní 2016 fi hàn pé tọ́ọ̀nù kan afẹ́fẹ́ náà ń mú nǹkan bí mítà mẹ́ta níbùú lóòró yìnyín oṣù Kẹsàn-án lọ ní Árktìkì. Ó tó àyè tí ìyá síìlì àti ọmọ rẹ̀ lè nà sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìnyín òkun ti yàtọ̀ sí ti òkìtì yìnyín orí ilẹ̀ nìyí: òkìtì orí ilẹ̀ bá ti yọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló lè gbà kó tó padà; yìnyín òkun ń dì lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà òtútù. Ohun tí ìṣirò kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé bí ooru ayé bá dúró síbì kan, yìnyín ìgbà ooru ní Árktìkì náà yóò dúró síbẹ̀ láìpẹ́, bí ooru bá sì rẹlẹ̀, yóò tún gbòòrò. Ọjọ́ tó ti sún síwájú lè sún padà sẹ́yìn.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Alága, mo gbà pé àkókò ìbéèrè ti tó.